Ohun Tí Ó Ń Kù Sára Ògiri: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀dà, Fáníṣì àti Àwọn Ohun Ìkùn

Bí ẹnìkan bá ń kọ́lé ní Ìlọrin, tàbí ní Ọ̀ffà, tàbí ní Òmù-Àrán, ó máa ń fara balẹ̀ gidigidi kí ó tó yan àwọ̀ tí yóò fi kun ilé rẹ̀. Yóò mú páálí aláwọ̀ lọ síta, yóò gbé e sínú oòrùn, yóò tún gbé e sábẹ́ ibòji, yóò bi aya àti àwọn ọmọ léèrè, gbogbo wọn yóò sì jọ fẹnu kò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá kan ohun tí ó wà nínú garawa fúnra rẹ̀, kì í béèrè ju iye tí wọ́n ń tà á lọ. Títa ọ̀dà àti bíbójú tó àwọn tí ń kunlé ni iṣẹ́ mi, ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ ni pé owó púpọ̀ ń ṣòfò sára ògiri nítorí pé onílé àti kunlékunlé ń pe orúkọ kan náà fún ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Onílé ní kí wọ́n kun ilé òun lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní i lọ́kàn pé ọ̀dà gan-an ni wọn yóò kùn lẹ́ẹ̀mejì. Kunlékunlé ka práímà, ìyẹn ohun ìkùn tí a kọ́kọ́ ń kùn kí ọ̀dà gan-an tó gun orí rẹ̀, mọ́ ọn, ó sì kun ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé àwọn orúkọ tí a ń lò nídìí iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó so gbogbo wọn pọ̀: nígbà tí garawa bá ti ṣófo, tí omi inú ọ̀dà sì ti gbẹ tán, kí ni ó kù sára ògiri?

Àjọ tí ń ṣètò ìlànà káàkiri àgbáyé, ISO, ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní ISO 4618, tí ó jẹ́ pé ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ni ó wà nínú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, ohun ìkùn ni orúkọ tí ó gbòòrò jù lọ: ohunkóhun tí ó ń ṣàn, tàbí tí ó ki, tàbí tí ó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, tí a fi kun ara nǹkan, tí ó sì di awọ sí i lára láti dáàbò bò ó, láti bu ẹwà kún un, tàbí láti ṣe iṣẹ́ mìíràn tí a dìídì fẹ́. Ọ̀dà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun ìkùn. Òun ni ó ní àwọ̀ nínú, tí ó sì ń bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fáníṣì náà jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n gaara ni tirẹ̀, a sì ń rí ìlà ara igi lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo fáníṣì àti gbogbo ọ̀dà ni ohun ìkùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun ìkùn ni ọ̀dà.

Bí a bá tẹ̀lé ìtumọ̀ yìí, ọjọ́ ti pẹ́ tí ohun ìkùn ti wà ní Ìlọrin kí agolo tó dé. Ní Dàda, ní agbègbè Òkèlele, nígbà tí àwọn ìyá tí ń mọ ìkòkò bá fi igi gígùn gbé ìkòkò kúrò nínú iná, tí ó ṣì gbóná janjan, wọn a máa fi omi tí wọ́n rí láti ara èèpo èso igi igbá, igi tí a ti ń rí irú, wọ́n ọn lára yíká. Omi náà a hó ṣàà, èéfín a sọ, ara ìkòkò a sì mu ún lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ìkòkò yóò ṣókùnkùn, tí àwọn ihò tí kò hàn sí ojú yóò sì dí, kí omi má baà máa jò jáde. Ohun tí ó ń wọnú ara nǹkan báyìí láti dí ihò rẹ̀, tí kò sì fi awọ tí ó nípọn sílẹ̀ lórí rẹ̀, ni à ń pè ní sílà lónìí. Bí kunlékunlé bá sọ pé ògiri yín nílò sílà, ohun tí ó ń sọ ni pé ògiri náà ń mu omi jù, àti pé bí a bá kun ọ̀dà lé e bẹ́ẹ̀, ògiri yóò fa oje inú rẹ̀ mu, yóò sì fi ẹfun sílẹ̀ lójú.

Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú garawa ọ̀dà. Èkíní ni lẹ́búlẹ́bú àwọ̀. Èkejì ni oje ìlẹ̀mọ́, èyí tí àwọn tí ń po ọ̀dà ń pè ní báíńdà. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ń mú un ṣàn, ìbáà jẹ́ omi tàbí tínà. Ẹ̀kẹrin ni àwọn èròjà kéékèèké: èyí tí ń mú un ki, èyí tí ń pa ìfófòó, èyí tí kì í jẹ́ kí ó rà nínú garawa. Àwọn èròjà kéékèèké wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra ọ̀dà kò nílò kí ó da ara rẹ̀ láàmú lórí wọn. Lórí méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé àwọn ni ó ń kù sára ògiri.

Ní ti lẹ́búlẹ́bú àwọ̀, titanium dioxide ni ó ń mú ọ̀dà funfun bo ògiri mọ́lẹ̀. Ó wọ́n, nítorí náà a máa ń fi calcium carbonate tàbí ẹfun kún un. Kò sí àbùkù nínú èyí bí ó bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹfun ní ìwà kan tí ó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀: funfun ni nígbà tí ó bá gbẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rin, ìmọ́lẹ̀ a máa là á kọjá, kò sì ní bo nǹkan mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ wo ọ̀dà tí ẹfun pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kùn ún: ẹ óò máa rí ojú sìmẹ́ǹtì lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ a wọ àárín ẹfun náà, ògiri a sì funfun báláú, inú onílé a dùn. Ní ọjọ́ tí òjò bá fẹ́ lu ògiri náà, àbàwọ́n àti ojú sìmẹ́ǹtì a tún yọ jáde títí yóò fi gbẹ. Ọ̀dà tí titanium inú rẹ̀ tó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń bo nǹkan nígbà tí ó tutù ni ó ń bò ó nígbà tí ó gbẹ. Agbára yìí ni à ń pè ní ìbojú, òun sì ni ó ń pinnu bóyá kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì yóò tó tàbí kò ní tó.

Oje ìlẹ̀mọ́ ni ọkàn ọ̀dà. Òun ni ó ń so lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, òun ni ó sì ń so gbogbo wọn mọ́ ògiri. Nínú ẹ̀mọ́ṣọ̀n, ìyẹn ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri, PVA tàbí acrylic ni oje náà sábà máa ń jẹ́. Acrylic gbówó lórí jù, ṣùgbọ́n ó ń fara da oòrùn àti agbára inú sìmẹ́ǹtì, tí ó dà bí ti omi eérú, ju PVA lásán lọ. Bí mo bá máa sọ èrò ọkàn mi, inú yàrá ni kí PVA lásán máa gbé. Ìta ilé, pàápàá ìhà tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé sí, acrylic ni ó tọ́ sí i. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dán ohun tí mo ń sọ wò. Ẹ lọ sídìí ògiri ìta kan tí wọ́n ti kùn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ ra á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá funfun, ìtànṣán oòrùn ti jẹ oje run, lẹ́búlẹ́bú nìkan ni ó sì ṣẹ́kù tí ó tò lé ògiri láìsí ohun tí ó dì í mú. Bí ẹ bá kun ọ̀dà tuntun lé orí lẹ́búlẹ́bú yẹn láìfọ̀ ọ́, lẹ́búlẹ́bú ni ọ̀dà tuntun yóò dì mú, kò ní di ògiri mú, yóò sì bó ní abala ńláńlá. A ní láti fi búrọ́ṣì àti omi fọ̀ ọ́, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a fi sílà bò ó, kí a tó kùn ún.

Gbígbẹ kì í ṣe ohun kan náà fún gbogbo ohun ìkùn, ibẹ̀ sì ni àṣìlóye ti pọ̀ jù. Nínú ẹ̀mọ́ṣọ̀n, oje náà wà nínú omi ní hóró wínníwínní. Bí omi ti ń fà lọ, àwọn hóró náà a súnmọ́ra, wọn a lẹ̀ pọ̀, wọn a sì di awọ kan ṣoṣo tí omi kò lè yọ́ mọ́. Nítorí èyí ni a ṣe gbọ́dọ̀ fọ búrọ́ṣì lójú ẹsẹ̀. Ti gúlọ́ọ̀sì olóròóró, ìyẹn ọ̀dà dídán tí òróró jẹ́ oje rẹ̀, yàtọ̀. Tínà inú rẹ̀ a kọ́kọ́ fò lọ, ṣùgbọ́n òróró tí ó kù ṣì ní láti mú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ́ra kí ó tó di líle. Kì í ṣe gbogbo òróró ni ó lè ṣe èyí. Bí ẹ bá fi epo pupa kun pákó, tí ẹ sì padà wá lẹ́yìn oṣù kan, yóò ṣì máa yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ òróró linseed ni, ìyẹn òróró irúgbìn kan tí a fi ń kun igi, láàárín ọjọ́ mélòó kan yóò ti di awọ. Bí a ṣe ṣẹ̀dá òróró linseed ni ó jẹ́ kí ó lè gba ọ́síjìn, kí ó sì fi so mọ́ ara rẹ̀. Epo pupa kò ní ibi ìsopọ̀ tí ó tó. Ìsopọ̀ yìí ń mú ooru wá, nítorí náà kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kíyè sí i: àkísà tí ó rin fún òróró linseed, tí a ká jọ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, lè máa gbóná títí yóò fi gbiná láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja síta kí ó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Oríṣi kẹta ni èyí tí ó kàn ń gbẹ nítorí pé ohun tí ń mú un ṣàn ti fò lọ, tí kò sí ohun mìíràn tí ó yí padà. Lákà àti ṣélákì, tí a fi ń mú igi dán, wà nínú ìsọ̀rí yìí. Oríṣi kẹrin ni ohun ìkùn alágolo méjì, bí epoxy tí a ń kùn sí ilẹ̀ àti ọ̀dà ọkọ̀ tí ohun tí ń mú un le wà nínú agolo tirẹ̀ lọ́tọ̀: a kò pò wọ́n pọ̀ àfi nígbà tí a bá fẹ́ lò wọ́n, bí a bá sì ti pò wọ́n, àkókò tí a ní ti ń lọ nìyẹn, nítorí pé nínú garawa gan-an ni wọn yóò ti máa le. Ẹ wo ohun tí a kọ sára agolo fún iye wákàtí tí ó lè fi wà.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ kí a ṣe ìṣirò, nítorí pé inú rẹ̀ ni omi púpọ̀ ti ń di owó. Lára agolo ọ̀dà tí ó dára, tàbí nínú ìwé àlàyé rẹ̀, wọ́n máa ń kọ iye ohun tí kì í fò lọ nínú rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ oje àti lẹ́búlẹ́bú. Ká ní ó jẹ́ ìdá 40 nínú 100, bí a bá fi lítà wọ̀n ọ́n. Bí a bá fi lítà 1 kun ògiri tí ó fẹ̀ tó mítà 10 níbùú lóròó (bí ògiri tí ó gùn ní mítà 5, tí ó sì ga ní mítà 2), ọ̀dà tútù náà yóò nípọn tó maikírọ́ọ̀nù 100, ìyẹn ìdá mẹ́wàá milímítà kan. Nígbà tí ó bá gbẹ, maikírọ́ọ̀nù 40 péré ni yóò kù. Ká wá sọ pé kunlékunlé da omi ìdajì lítà sí lítà kan náà. Ọ̀dà náà ti di lítà kan àbọ̀, yóò sì dé mítà 15 níbùú lóròó ní ìnípọn tútù kan náà, onílé yóò sì rò pé òun jèrè. Ṣùgbọ́n oje àti lẹ́búlẹ́bú kò pọ̀ sí i rárá. A kàn tẹ́ wọn fẹ̀ ni, nǹkan bíi maikírọ́ọ̀nù 27 ni yóò sì kù sára ògiri. Awọ tí ó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè bá òjò àti oòrùn Ìlọrin jà pẹ́. Omi díẹ̀ tí agolo fi àyè gbà, ẹ fi sí i. Èyí tí ó bá ju ìyẹn lọ, ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ipele náà ṣe pàtàkì. Práímà ni ó kọ́kọ́ ń kan ara nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ara nǹkan náà mú, kí ó sì fún ọ̀dà òkè ní ibi ìdìmú. Ọ̀dà òkè ni ó ń gba oòrùn àti òjò. Lára géètì àti irin ojú fèrèsé, ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń kùn jẹ́ práímà lásán, kì í ṣe òpin iṣẹ́, bí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà òjò, irin yóò dógùn-ún lábẹ́ rẹ̀. Pọ́tì àti sikirídì kì í ṣe práímà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọ̀dà. Ohun tí a fi ń dí kòtò, tí a sì fi ń mú ojú ògiri tẹ́jú ni wọ́n. Sikirídì tí wọ́n fi POP ṣe kò gbọdọ̀ dé ìta ilé, nítorí pé omi a máa rọ̀ ọ́.

Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nílò sùúrù. Sìmẹ́ǹtì tútù ní agbára kan náà tí ó wà nínú omi eérú. Ìwọ̀n pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí a fi ń wọn agbára yìí, ń ju 12 lọ. Bí a bá kun gúlọ́ọ̀sì olóròóró lé e lórí, agbára yìí yóò wọnú òróró náà, yóò sì tú u ká. Ìyá kan tí ó ń se ọṣẹ dúdú tà, tí a ń bá kun ilé rẹ̀ ní Gáà-Àkàńbí, dá mi dúró níbi tí mo ti ń ṣàlàyé yìí, ó ní, "Ọmọ mi, má wulẹ̀ bá a lọ jìnnà. Òróró tí ó bá pàdé omi eérú, ọṣẹ ni yóò dà." Bí ó ti rí gan-an nìyẹn: ọ̀dà náà yóò rọ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò sì máa bó. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí ògiri tuntun gbẹ fún ọjọ́ 28, kí ẹ sì lo práímà tí wọ́n ṣe fún sìmẹ́ǹtì. Nǹkan funfun bí iyọ̀ tí ó máa ń hù sára ògiri, iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì àti bíríkì ni, omi ni ó gbé e jáde. Ẹ fi búrọ́ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n dànù, kí ẹ sì wá ibi tí omi ti ń wọlé.

Ní àwọn ìlú Igbómìnà, a ṣì rí ilé amọ̀ tó lágbára tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Àwọn onílé náà fẹ́ràn láti kun gúlọ́ọ̀sì sí ìsàlẹ̀ ògiri nítorí ẹrẹ̀ tí òjò ń ta sí i. Ọ̀rinrin inú ilẹ̀ ń gòkè gba inú amọ̀, ó sì ní láti rí ibi gbà jáde. Gúlọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí ògiri mí, nítorí náà ọ̀rinrin a tì í láti ẹ̀yìn, ọ̀dà a wú, a sì bẹ́. Ẹ̀mọ́ṣọ̀n tí kò dán ni ó yẹ irú ògiri bẹ́ẹ̀, kódà bí a óò bá máa tún un kùn lóòrèkóòrè.

Dídán ọ̀dà kì í ṣe àmì pé ó dára. Bí oje bá pọ̀ ju lẹ́búlẹ́bú lọ, yóò dán, yóò sì ṣe é fọ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú bá pọ̀, kò ní dán, yóò sì bo àbùkù ògiri. Sátíìnì wà láàárín àwọn méjèèjì. Gúlọ́ọ̀sì a máa fi gbogbo gegele ojú ògiri hàn, nítorí náà kí a má ṣe kùn ún sí ibi tí bíríkìlà kò bá ti rẹ́ dáadáa.

Ìgbà ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Atẹ́gùn gbígbẹ a máa fa omi jáde nínú ẹ̀mọ́ṣọ̀n kí àwọn hóró oje tó ráyè lẹ̀ pọ̀, awọ ọ̀dà a sì la wẹ́wẹ́. Ekuru pupa náà a sì máa lẹ̀ mọ́ gúlọ́ọ̀sì tí kò tíì gbẹ. Àárọ̀ kùtù ni kí a kùn ún, kí a sì máa tẹ̀lé ibòji yí ilé ká.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa máa ń pe gbogbo ohun tí ń dán lára igi ní pólíìṣì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ṣélákì jẹ́ oje tí kòkòrò kékeré kan ń ṣe lára igi ní Íńdíà àti Thailand. Ọtí líle tí a ń pè ní spirit ni ó ń yọ́ ọ, nítorí náà lọ́fínńdà tí ó bá dà sí i yóò ba ojú rẹ̀ jẹ́. Lákà ń yára gbẹ, bí a bá sì kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, tínà inú ti òkè yóò yọ́ ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, wọn yóò sì di ọ̀kan, èyí ni ó mú kí àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Fáníṣì olóròóró kì í yọ́ padà bẹ́ẹ̀. A ní láti fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ kí ti òkè lè rí ìdìmú. Fún ilẹ̀kùn ìta, fáníṣì tí wọ́n ṣe fún ìta ni kí ẹ rà, nítorí pé gaara ni fáníṣì, oòrùn a sì máa là á kọjá lọ ba ara igi jẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó lè kù sára ògiri tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀: òjé (lead). Wọ́n máa ń fi í sínú ọ̀dà, pàápàá ọ̀dà olóròóró tí ó pupa fòò tàbí tí ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, nítorí àwọ̀ rẹ̀ tí kì í tètè ṣá àti nítorí gbígbẹ rẹ̀. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà ilé tí ó ní òjé ní ọdún 1978. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé kò léwu, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìwọ̀n tí àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí òfin má ṣe gbà kí ọ̀dà kọjá ni 90 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á fún yín, kí ẹ sì ka ara agolo. Ní ti àwọn ilé àtijọ́, ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí wọ́n ti kùn kí a tó bí wa, ẹ má ṣe fi iná sun ọ̀dà wọn, ẹ má sì ṣe fi sáńpépà gbígbẹ ha á, nítorí pé eruku rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń fà símú, ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sì ń rá lé. Ẹ rin ín, kí ẹ fi sáńpépà olómi ha á, kí àwọn ọmọ àti aboyún kúrò nítòsí, kí ẹ sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò gbígbá. Bí ọ̀dà àtijọ́ náà bá ṣì dì mọ́ igi dáadáa, ó sàn kí ẹ fi sáńpépà olómi yún ojú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi práímà bò ó, kí ẹ sì kun ọ̀dà tuntun lé e lórí.